Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Ẹnu Mi Fi Tì

Eyín márùn-ún ni dókítà yọ lẹ́nu mi láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní kan, mẹ́ta nísàlẹ̀ lápá òsì, méjì lókè lápá ọ̀tún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Sójà ló ń ṣèjọba, ogun abẹ́lé sì ti parí láti bí ọdún márùn-ún. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin lọ́nà Kàtsínà, ó ku ọdún kan kí n parí, ọlidé gígùn ni mo bá wá sílé ní Zaria.

Àwọn eyín náà ti ń dà mí láàmú láti bí ọdún méjì. Ìyá mi ní alewa, súìtì àwọn Hausa, tí mo ń jẹ ní kékeré ló fà á. Nígbà ìdánwò tó kọjá, apá kan ojú mi wú débi pé ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré má baà máa sá fún mi. Nítorí náà, nígbà tí dókítà, ọkùnrin ará Íńdíà kan tí irun funfun kún etí rẹ̀, wo ẹnu mi tó sì na ìka márùn-ún sókè, mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo kàn di ọwọ́ ìyá mi mú.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ gún mi, lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò mọ ìrora mọ́, ariwo ni mo ń gbọ́. Ariwo eyín tó ń kúrò nínú egungun dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹ̀gẹ́ tu nínú ilẹ̀ gbígbẹ, àfi pé inú orí ara ẹni ni ilẹ̀ náà wà. Nígbà tó parí, ó di òwú sí mi lẹ́nu lọ́tùn-ún lósì. Nọ́ọ̀sì wá fi Hausa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi: kí n fi eyín tó kù di òwú náà mú, kí n má fi ahọ́n kan ojú ọgbẹ́, kí n má jẹ ohun gbígbóná, kí n má sì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

“Ọjọ́ mẹ́ta?” Ìyá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ yìí?”

Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Itọ́ tó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí mi lágbọ̀n, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ilé wa wà ní Sabon Gari. Bàbá mi ti kúrò ní Ìlọrin kí wọ́n tó bí mi, ata gbígbẹ sì ni òwò rẹ̀. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Zaria ká, ó ń kì í sínú àpò, ó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn. Àpò ata ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ kì í sín mọ́, àlejò nìkan ló ń sín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, bóyá torí pé imú nìkan ni mo fi ń mí, ata náà ṣe mí bí àlejò. Bí wọ́n bá ti ń da àpò kan, màá sín. Bí mo bá sì ti sín, ọgbẹ́ márààrún á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu mi á kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì fún imú pọ̀ títí omi á fi bọ́ lójú.

Yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Fèrèsé pákó kan ṣoṣo ló ní, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Bí mo bá na ọwọ́ jáde, màá fi ìka kan ògiri náà. Mi ò lè rí ojú ọ̀run níbẹ̀ àfi bí mo bá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, tí mo gbé orí sábẹ́ fèrèsé, tí mo wo òkè tààrà. Nígbà náà ni mo máa ń rí i, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbàjá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n ní kó máa tọ́jú mi, nítorí pé ìyá mi ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́, níbi tó ti ń ta abọ́ tánganran. Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Ìyá wọn kú nígbà tí bàbá mi ò tíì lè rìn. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, aṣọ ara rẹ̀ ló sì tà kí bàbá mi tó rí ọkọ̀ wọ̀ wá sí Òkè Ọya. Bàbá mi tí gbogbo àwọn alábàárù ata ń bẹ̀rù kò lè gbójú sókè wò ó bí ó bá ń bínú. Bí ó bá ti Ìlọrin dé, tirẹ̀ ni ilé wa. Òun ni yóò pín ẹran, òun ni yóò sọ ìgbà tí a máa tilẹ̀kùn. Lọ́dún yẹn, ó ti wà lọ́dọ̀ wa bí oṣù méjì. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi gan-an ló tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nínà. Ẹnikẹ́ni ò lè wọlé láìjẹ́ pé ó rí i, èmi náà ò sì lè jáde láìjẹ́ pé mo dá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, èyí tí ọmọ kì í ṣe sí àgbà.

“Atẹ́gùn á wọ inú ọgbẹ́ yẹn,” ni ó máa ń wí bí mo bá dìde. “Padà, ọmọ mi. Jókòó.”

Bí mo bá ń lọ sí ṣáláńgá, ó ń tẹ̀ lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, á sì dúró dè mí.

Obìnrin Hausa tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń gbé kunu jéró wá fún mi láràárọ̀, èyí tó ti fẹ́ títí tó fi tutù. “Sannu, sannu da jiki,” ni yóò máa wí, pé pẹ̀lẹ́, ara á yá, á sì mi orí bí ẹni pé òun gan-an ni eyín ń dùn. Ètè ni mo fi ń fa kunu náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tó bá lọ tán, òórùn màsà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín ní ìta, á gba orí ògiri wọlé wá bá mi, inú mi á sì máa kùn. Mo ti jẹ màsà láti ìgbà tí mo ti ń rákò. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sunkún nítorí rẹ̀.

Mo fara dà á. Mo ń ka ọjọ́. Mo ní bó bá di ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ mẹ́ta dókítà á pé, màá sọ̀rọ̀, màá jáde lọ bá ìyá mi lọ́jà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì náà, mo jí, mo fẹ́ kí ìyá mi kú àárọ̀. Ẹnu mi ò ṣí. Kì í ṣe pé ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn kọ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti ìta. Mo fi ọwọ́ fà á, mo fi ìka rọ́ ọ, àgbọ̀n mi dúró gbọn-in. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ fara kanra, ètè nìkan ló ń mì. Ohùn tó gba imú mi jáde dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn di lẹ́nu.

Ìyá mi sáré padà sí ọsibítù. Ó dé, ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé abẹ́rẹ́ àti wíwú náà ló fà á, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé yóò tú fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹnu, kí n sì máa ki nǹkan pẹlẹbẹ bọ àárín eyín díẹ̀díẹ̀ láti là á.

“Ọ̀sẹ̀ méjì,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, ó sì ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Ó dáa. Kó sinmi.”

Àwọn obìnrin àdúgbò ń wá kí mi. Wọ́n á jókòó lórí ẹní lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n á na ọrùn wò mí, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò lè fèsì, kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń gbàgbé pé ó ń gbọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń na ìyàwó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó lóyún tí kò yẹ kó lóyún. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì yẹn, obìnrin kan wò mí títí, ó ní:

“Ó mà ti rù o. Èèyàn ò sì ní eyín lẹ́nu mọ́. Ta ni yóò fẹ́ ẹ báyìí?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Ẹni tó máa fẹ́ ẹ ti wà,” ni ó wí. “Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀.”

Mo dìde jókòó. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ó wọlé wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi omi iyọ̀ síwájú mi, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀. Ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ta táyà mọ́tò ní Gusau ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ní ìyàwó méjì, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Kò sí ohun búburú kan tí mo lè sọ nípa rẹ̀ títí di òní.

“Ó ti kọ́lé. Ó ti lọ sí Mẹ́kà,” ni ó wí. “Bàbá rẹ ò kọ̀. Èmi ni mo bá wọn parí ẹ̀. Inú rẹ dùn, àbí?”

Ẹ mọ̀ pé nínú èdè wa, a lè fi imú nìkan sọ bẹ́ẹ̀ ni, a sì lè fi imú nìkan sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kó gbogbo agbára mi jọ, mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́: “Ùn-ùn.” Mo tún un sọ: “Ùn-ùn! Ùn-ùn!”

Ó fọwọ́ pa mí lórí.

“Mo mọ̀ pé wàá sọ pé ùn-hún,” ni ó wí. “Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni ọ́.”

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni, tàbí ó gbọ́. Mo mi orí, mo fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọgbẹ́ náà á ṣí. Ó sì ṣí lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, mi ò lè la ẹnu tu ú, àárín eyín ni mo ń gbà sẹ́ ẹ jáde sínú abọ́. Òun ló di abọ́ náà mú fún mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n dé. Mo gbọ́ ìró bàtà púpọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ àwọn tó ń sín nítorí ata, mo gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ bàbá mi. Aṣọ ìkélé kan wà láàárín pálọ̀ náà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi jókòó sí, gèlè rẹ̀ ló fi bo orí mi àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n tó sọ fún un pé kó se oúnjẹ àlejò.

Àáfà tó ṣe ìsọmọlórúkọ mi ló sọ̀rọ̀. Arúgbó ni, ohùn rẹ̀ máa ń wárìrì.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni ó wí láti òdì kejì aṣọ, “bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ṣé o gbà?”

Mo la ètè. Eyín mi dì mọ́ra.

“Mo tún bi ọ́. Ṣé o gbà?”

Mo ní, “Ùn-ùn.” Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wúkọ́ lé e lórí. Mo gbé ọwọ́ láti fa aṣọ ìkélé náà, ó ti di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ tó fi ń gún iyán ní Ìlọrin láti ogójì ọdún ni.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé o gbà?”

Gbogbo pálọ̀ ń retí ohùn mi. Àwọn tó bá jẹ́ Mùsùlùmí mọ ohun tí ìdákẹ́ wúńdíá túmọ̀ sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú wáàsí: ojú máa ń ti ọmọbìnrin láti sọ pé òun fẹ́ ọkọ, nítorí náà, bí ó bá dákẹ́, ó gbà nìyẹn. Mo ti máa ń rò pé òfin tó dára ni, pé àánú ló wà nínú rẹ̀.

“Ó dákẹ́,” ni ẹnì kan wí.

“Ojú ń tì í,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá wọn lóhùn. “Ó ń sunkún ayọ̀.”

Wọ́n ka Fàtíhà. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Wọ́n pín obì, wọ́n sì na awẹ́ kan sí mi lábẹ́ aṣọ ìkélé, èmi tí mi ò lè jẹ ẹ̀bà tútù. Mo di obì náà mú lọ́wọ́ títí gbogbo wọn fi lọ.

Lóòótọ́, yàrá yẹn ti há mọ́ mi láti ọjọ́ Àtìní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ara mi gan-an ni wọ́n tì mí mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, mo ń wo tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọ̀run, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, ti Yorùbá, ti Hausa, ti òyìnbó, ló kún ẹnu mi bámúbámú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ wẹ̀, ìyá mi sì wọlé. Mo ju ara mi lé e lẹ́sẹ̀. Mo mi orí, mo nawọ́ sí pálọ̀, mo gbá àyà, mo tún mi orí. Ó yé e kíá. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e tẹ́lẹ̀.

“Kí ni o fẹ́ kí n ṣe?” ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyàwó ni mí nínú ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni òun.”

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo fi ìka kọ̀wé sínú afẹ́fẹ́. Ó mi orí. Kò mọ̀wé, bàbá mi náà ò mọ ìwé òyìnbó. Ó ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kó tó dúró.

“Bàbá rẹ ń ka ti kéwú,” ni ó wí.

Ó jáde. Nígbà tó padà, wàláà, pákó tí àwọn àbúrò mi fi ń kọ́ kéwú, ló fi sábẹ́ ìró, pẹ̀lú kálàmù àti ìgò tàdáwà, yíǹkì tí a fi ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò fọwọ́ kan wàláà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa ní ilé kéwú láti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, bí bàbá mi náà ṣe ń fi kọ lẹ́tà sí àwọn ará Ìlọrin. Kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ “gb”, oníkálukú ilé kéwú ló ní bó ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀rù sì bà mí pé bàbá mi ò ní mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀nà méjì:

Bàbá, mi ò dákẹ́. Ẹnu mi ni kò ṣí. N kò gbà. N kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n parí ìwé mi.

Ìyá mi gbé e sábẹ́ àwo oúnjẹ àárọ̀ bàbá mi, ó sì kọjá lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀ láti balùwẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú àwo náà lọ́wọ́.

Mo dúró. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí bàbá mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wàláà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà, ó ń wò ó.

“Ìwọ lo kọ ọ́?” ni bàbá mi bi mí.

Mo kúnlẹ̀, mo mi orí pé èmi ni.

“Mo jókòó síbẹ̀ lánàá. Àáfà bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ka Fàtíhà níwájú àwọn èèyàn.” Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. “Ṣé o mọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe?”

Mo tún mi orí pé mo mọ̀.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

Bàbá mi wo wàláà náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé wàláà náà lọ. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní ọjọ́ náà, tàbí ọjọ́ kejì, tàbí ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti mọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀ omi iyọ̀ mi ò fìgbà kan pẹ́. Ó ń gbé e wá, á gbé e kalẹ̀, á padà sórí ẹní rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kórìíra rẹ̀ tán.

Ìyá mi ló wá ohun tó máa là mí lẹ́nu. Ó kó igi sùyà tí wọ́n ti jẹ ẹran orí rẹ̀ tán, ó fọ̀ wọ́n, ó sè wọ́n, ó gé wọn kúkúrú. Láràárọ̀, kó tó lọ sọ́jà, ó ń ki igi bọ àárín eyín iwájú mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, igi kan ṣoṣo ló wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó di méjì. Omi ń bọ́ lójú mi, òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. “Fara dà á,” ni ó ń wí. “Ọ̀kan sí i. Fara dà á.” Nígbà tó di ọjọ́ Àlàrùba, igi márùn-ún ti lè dúró síbẹ̀ lórí ara wọn, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ní, “Màámi.” Ó gbá mi mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà má baà gbọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlá, bàbá mi ránṣẹ́ pe àáfà. Ó ní kí wọ́n ká aṣọ ìkélé náà kúrò. Èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lórí àga. Wàláà náà wà lórí itan àáfà.

“Mo ti ka ohun tí o kọ,” ni àáfà wí. “Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé o ti lè sọ̀rọ̀?”

“Díẹ̀, sà,” ni mo wí. Ohùn mi kò yàtọ̀ sí ti ọ̀mùtí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì wú.

“Ṣé o gbà láti fẹ́ ọkùnrin yẹn?”

“Rárá, sà. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ parí ìwé mi.”

“Ta ló kọ́ ọ kí o sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo rí ọwọ́ ìyá mi tó ń fún etí ìró rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, mo sọ pé mi ò gbà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ni.”

Àáfà yíjú sí bàbá mi.

“Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tí kò sọ ọ́, ìyẹn ni òfin ń wí,” ni ó sọ. “Ẹni tí ẹnu rẹ̀ tì kò wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ara ọmọ yìí ò yá? Àgbà ni mí, mi ò rí ẹ̀yìn aṣọ.” Ó nu ojú wàláà náà pẹ̀lú etí agbádá rẹ̀. “Ohun tí a so lọ́jọ́ Jímọ̀, kò dè. Èmi fúnra mi ni màá kọ̀wé sí wọn ní Gusau.”

Bàbá mi wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dìde. Mo rò pé yóò gbé mi ṣépè. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dúró lé mi lórí.

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tèmi,” ni ó wí. “Orí odò ni mo wà, mò ń fọ aṣọ bàbá rẹ, tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n wá mú mi lọ sílé ọkọ. Èmi, wọn ò tiẹ̀ bi mí.”

Ó jáde. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Ìlọrin. Mo kó ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó sì gbà kí n gbé e fún òun, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀ pé kó ṣàdúrà fún mi, ojú fèrèsé ló ń wò. Ó pẹ́ kó tó tún wá sílé wa. Nígbà tó wá, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, èmi náà ò mẹ́nu bà á.

Ọkùnrin ará Gusau náà ránṣẹ́ pé kò sí ìjà, pé òun ò mọ̀ pé ara mi ò yá. Wọ́n dá ohun tó kó wá padà fún un. Ó fẹ́ ẹlòmíràn kí ọdún náà tó parí.

Bàbá mi ni mi ò mọ bí mo ṣe lè bá a ṣe. Ó ti yẹ àdéhùn tó bá èèyàn ṣe, ó ti dójú ti ẹni tó pọ̀n ọ́n, nítorí tèmi. Kò bú mi, kò lù mí, kò kọ oúnjẹ tí mo bá sè. Kò kàn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á mi orí. Bí ó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á sọ ọ́ fún ìyá mi lójú mi. Mo ti lè sọ̀rọ̀, mo ti lè jáde, mo ń lọ sọ́jà, mo ń jẹ màsà pẹ̀lú eyín iwájú. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ pálọ̀ tí mo bá a níbẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo padà sí yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ti di àpótí mi, mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e dé ibùdókọ̀. Bàbá mi jáde, ó ti wọ fìlà. Ó gbé àpótí náà lé orí ara rẹ̀. Mo sáré bá a, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e,” kò dá mi lóhùn. Ó ń rìn níwájú, mo ń rìn lẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn láìsọ àpótí náà kalẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, ó yẹ táyà ọkọ̀ náà wò, ó yẹ ìjókòó wò, ó ní kí obìnrin kan sún kí n lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá dírẹ́bà níwájú.

“’Yata ce,” ni ó wí fún un. “Malama ce. Ka bi hanya a hankali.”

Pé ọmọ òun ni mí. Pé olùkọ́ ni mí. Pé kó rọra wa ọkọ̀.

Mi ò tíì di olùkọ́, ó ku ọdún kan. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti yí padà, ó ti ń lọ láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi, dírẹ́bà sì ti ṣáná sí ọkọ̀.